Àyẹ̀wò òjé àti kádímíọ̀mù inú omi ní Òṣogbo: ohun tó yẹ kí owó yín rà

Bí ẹ bá gbé omi lọ sí láàbù ní Òṣogbo pé kí wọ́n bá yín wo mẹ́tàlì olóró inú rẹ̀, oríṣi iṣẹ́ méjì ni wọ́n lè fi ẹ̀rọ kan náà ṣe fún yín. Wọ́n lè fa omi náà tààrà sínú iná ẹ̀rọ AAS (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka iye mẹ́tàlì inú iná), kí wọ́n sì ka ohun tó bá jáde. Wọ́n sì lè kọ́kọ́ fi èròjà APDC mú mẹ́tàlì inú omi náà, kí wọ́n fi MIBK, ìyẹn olómi kan tí kì í pò mọ́ omi, fà á jáde, kó tó wá kan iná. Iṣẹ́ kejì yìí la gbé yẹ̀wò níbí. Ìdájọ́ wa rèé: fún òjé, kádímíọ̀mù àti níkẹ́ẹ̀lì inú omi mímu, ó tó owó rẹ̀ dáadáa, bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Fún bàbà, irin àti síńkì, ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí rẹ̀. Fún mẹ́kúrì àti ásẹ́níìkì, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rárá.

Òǹkà ló máa là á yé yín. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà tí SON, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ọjà nílẹ̀ wa, gbé jáde, NIS 554, sọ pé òjé ò gbọdọ̀ ju 0.01 mg/L lọ, kádímíọ̀mù 0.003, níkẹ́ẹ̀lì 0.02. Nínú iná AAS lásán, òjé tó bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 0.05 mg/L kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ariwo ẹ̀rọ mọ́. Ìyẹn ni pé omi tí òjé inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ìlànà gbà lè gba iwájú ẹ̀rọ kọjá, kí wọ́n sì kọ BDL tàbí ND (ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kò rí i) sí i lára ìwé èsì. Onílé á rí BDL, á rò pé omi òun mọ́, á sì máa bu ún fún ọmọ mu. Bẹ́ẹ̀ òjé kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú kékeré wò. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bàjẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí wọ́n tíì mọ̀ pé kò lè pa ọmọ lára. Kádímíọ̀mù ní tirẹ̀ ń kó sínú kíndìnrín, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì máa ń lò níbẹ̀. Ìwé èsì tó bá kọ BDL láìkọ iye tí agbára ẹ̀rọ náà mọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Nílùú yìí, a ní ìdí púpọ̀ láti bèèrè. Apá Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí kan náà sì ni wọ́n ti ń wa wúrà káàkiri Iléṣà àti Àtàkúnmọ̀sà. Igbó Ọ̀ṣun ti wà nínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005, bí oṣù kẹjọ bá sì dé, àìmọye èèyàn ló ń bu omi odò náà níbi ọdún. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má mu ún. Nínú ìlú fúnra rẹ̀, kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣàjì bátìrì tàbí àwọn mẹkáníìkì tún ní ewu òjé tirẹ̀, tí kò kan odò rárá. Gbogbo irú omi wọ̀nyí la ní lọ́kàn bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ yìí wò.

Ohun tí APDC ń ṣe ni pé ó ń so mọ́ mẹ́tàlì, àsopọ̀ náà á sì di ohun tó ń sá fún omi, tó sì ń yọ́ nínú MIBK. MIBK ní tirẹ̀ fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ó máa ń léfòó sókè bí epo. Bí mílílítà 10 MIBK bá gba gbogbo òjé inú mílílítà 100 omi, òjé náà ti ki ní ìlọ́po mẹ́wàá. MIBK tún máa ń fọ́n sínú iná dáadáa ju omi lọ, ìyẹn sì tún ń fi ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta kún àmì tí ẹ̀rọ ń rí. Bí 0.01 mg/L tí kò hàn tẹ́lẹ̀ ṣe ń hàn kedere nìyẹn. Ẹ̀rọ kan náà ni, iná kan náà ni. Èròjà méjì àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló fi kún un.

Ṣùgbọ́n ìgò ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èsì ti ń bàjẹ́. Láàbù tó mọ ohun tó ń ṣe á fún yín ní ìgò ike tiwọn, èyí tí wọ́n ti rẹ mọ́jú sínú ásíìdì náítírìkì ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì ti fi omi tí wọ́n yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò ṣan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bu omi wá nínú ike ẹlẹ́rìndòdò tàbí kẹ́ẹ̀gì, ẹ wá láàbù mìíràn lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá bu omi tán, ásíìdì náítírìkì tó ki gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, nǹkan bí 1.5 mL sí lítà kan, kí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni omi ń kan sí) lè wálẹ̀ ju 2 lọ. Bí kò bá sí ásíìdì yìí, òjé á máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò díẹ̀díẹ̀, láàbù á sì wá máa ka omi tí òjé ti kúrò nínú rẹ̀. Omi tó ti gba ásíìdì lè dúró oṣù mẹ́fà kó tó kan ẹ̀rọ. Ti mẹ́kúrì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ.

Bọ̀hóòlù ní ìbéèrè tirẹ̀. Bí omi inú ilẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ mọ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó bu ún. Bí ó bá jẹ́ páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ lẹ fura sí, omi àkọ́jáde àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bu, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Omi méjèèjì lè yàtọ̀ síra gan-an, torí náà ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ bù sára ìgò. Níbi odò, ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kẹ́ ẹ ri ìgò sísàlẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Fọ́ọ́mù orí omi kì í ṣe odò, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín rú sókè kì í ṣe odò. Ẹ máa bu ìgò méjì níbi kan náà.

Ibi tó yẹ ká dúró lé lórí jù rèé, nítorí ibẹ̀ ni láàbù tó mọṣẹ́ ti ń yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Omi odò Ọ̀ṣun máa ń dúdú bí ẹrẹ̀ nígbà òjò, púpọ̀ nínú òjé inú irú omi bẹ́ẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ni, kò yọ́. Àmọ́ APDC kì í mú ohun tó wà lára ẹrẹ̀, ohun tó yọ́ nìkan ló ń mú. Bí wọ́n bá fi APDC sí omi ẹlẹ́rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi ásíìdì sè é, iye tó máa jáde á kéré, onítọ̀hún á sì yọ̀ lásán. Torí náà ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún wọn ní kedere. Bí ẹ bá fẹ́ mọ mẹ́tàlì tó yọ́ nìkan, wọ́n á fi asẹ́ 0.45 míkírómítà sẹ́ omi náà kí ásíìdì tó kàn án rárá, torí náà ìgò yẹn kò ní gba ásíìdì níbi tẹ́ ẹ ti bù ú. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbogbo rẹ̀, wọn ò ní sẹ́ ẹ. Wọ́n á gbé 100 mL rẹ̀ sórí iná, wọ́n á fi 5 mL ásíìdì náítírìkì sí i, wọ́n á jẹ́ kó máa gbóná láìhó títí tó fi máa ku 10 sí 20 mL. Bí kò bá tíì mọ́ gaara, wọ́n á tún fi ásíìdì sí i, wọ́n á tún gbé e kaná. Nígbà tó bá tutù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi omi mímọ́ gbé e padà sí 100 mL. Lójú tiwa, omi tí ẹnikẹ́ni máa mu láìsẹ́, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ bèèrè.

Sísè yìí máa ń fa wàhálà kan tí àwọn tó ń kánjú kì í rántí. Ásíìdì tó ṣẹ́kù á pọ̀ jù, APDC kì í sì í pẹ́ nínú ásíìdì tó le: ó máa ń fọ́, ásíìdì náítírìkì sì tún máa ń jẹ ẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi sódíọ̀mù haidirọ́sáìdì tàbí àmóníà gbé pH padà sí àárín 2.2 àti 2.8 kí APDC tó wọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi mítà pH wò ó, kì í ṣe pé kí wọ́n fojú dá a. Bí òjé bá kéré nínú èsì tí gbogbo nǹkan yòókù sì dára, pH ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà yá. Wọ́n á da 100 mL omi náà sínú àrọ ìyapa tó gba 250 mL, wọ́n á fi 1 mL APDC ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sí i, ìyẹn gíráàmù mẹ́rin nínú 100 mL omi. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó ni kí wọ́n pò ó, kí wọ́n sì ti fi MIBK fọ̀ ọ́ kí mẹ́tàlì inú òun fúnra rẹ̀ lè kúrò. Wọ́n á wá fi 10 mL MIBK lé e, wọ́n á mì ín gidigidi fún ìṣẹ́jú àáyá 30, wọ́n á máa ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí ategùn inú rẹ̀ lè jáde, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀ kó yapa. Omi ìsàlẹ̀ á lọ, MIBK òkè ni wọ́n máa gbé lọ sídìí ẹ̀rọ. Nítorí pé MIBK máa ń yọ́ díẹ̀ nínú omi, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó máa padà jáde ò ní pé 10 mL mọ́. Ìdí nìyẹn tí omi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ gba àrọ kan náà, pẹ̀lú omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ àti MIBK tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láàbù tó bá fi òṣùwọ̀n inú omi lásán ka èsì inú MIBK ti ṣìṣe pátápátá, iye yòówù kó bá yín kọ.

Irin tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa kún fún irin, bí wọ́n bá sì fi ásíìdì sè ẹrẹ̀ odò, irin inú rẹ̀ á yọ́ jáde. Irin náà ń gba APDC. Mílílítà kan tí a sọ lókè kò ní ju 40 mg APDC lọ nínú, tí irin bá sì ti ń lọ sí 40 mg/L, ó lè gbà á tán kí òjé tó rí tirẹ̀ gbà. Láàbù tó gbọ́n á kọ́kọ́ ka irin nínú iná lásán, èyí tí kò le rárá. Bí ó bá pọ̀, wọ́n á fi APDC kún un, tàbí kí wọ́n fi omi tó kéré ṣiṣẹ́.

Omi aró àwọn aláàdìrẹ ló máa ń fún iṣẹ́ yìí ní wàhálà jù nílùú wa. Sódà tó le àti haidirosọ́fáìtì wà nínú rẹ̀, ó ń hó fòòfòò, àwọ̀ rẹ̀ sì ń wọ inú MIBK. Bí wọ́n bá mì ín, omi àti MIBK á pò pọ̀ di funfun bí ẹni po kókò, kò sì ní yapa. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ásíìdì sè é títí àwọ̀ fi máa kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì ń pò, kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá kó lè yapa. A ò gba àwọn aláàdìrẹ nímọ̀ràn pé kí wọ́n sanwó fún iṣẹ́ yìí lórí omi aró tí wọ́n fẹ́ dà nù láìjẹ́ pé láàbù náà ti sọ bí wọ́n ṣe máa sè é.

Nídìí ẹ̀rọ, fìtílà òjé, ìyẹn iná inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka òjé, gbọ́dọ̀ ti wà ní títàn fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 kí wọ́n tó kà á. Orí ìgbì ìmọ́lẹ̀ 283.3 nánómítà ni wọ́n máa ń ka òjé, 228.8 ni ti kádímíọ̀mù, 232.0 ni ti níkẹ́ẹ̀lì. 217.0 wà fún òjé pẹ̀lú, ó tètè ríran ju 283.3 lọ, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀. MIBK fúnra rẹ̀ ń jó, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dín gáàsì asẹ́tílíìnì kù títí iná á fi padà di búlúù. Iná tó bá ń pupa yọ̀yọ̀ á fi ẹ̀fin bo èsì. MIBK tí wọ́n ti mì pọ̀ mọ́ omi títí tí kò fi lè gba omi mọ́ ni wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ dé òdo, kì í ṣe omi. Ọjọ́ kan náà ni kíkà gbọ́dọ̀ parí, láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta tí wọ́n fà á jáde. Bí NEPA bá mú iná lọ ní àárín kíkà, fìtílà á tutù, kí wọ́n má sì bá a lọ láti ibi tí wọ́n dé: kí wọ́n tún omi òṣùwọ̀n kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá UPS wà lára ẹ̀rọ náà. Ohun kan tó kan ààbò: ategùn MIBK lè gbaná láti ìwọ̀n òtútù 14°C, ooru Òṣogbo sì ju ìyẹn lọ lọ́sàn-án àti lóru. Bí ẹ bá wọ láàbù tí wọ́n ti ń mì í lórí tábìlì gbangba nítòsí iná, láìsí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde, ẹ má dúró.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ṣe é dáadáa? Ìwé èsì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ wo blank, ìyẹn omi mímọ́ tó gba gbogbo ọ̀nà tí omi yín gbà. Bí òjé bá wà nínú blank tó súnmọ́ ti omi yín, láàbù ni òjé ti wá, kì í ṣe kànga yín. Ẹ wo spike, ìyẹn òjé tí wọ́n mọ iye rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kún omi yín: bí wọ́n bá fi 1 mL òjé 2 mg/L sínú 100 mL omi yín, èsì gbọ́dọ̀ ga sókè ní 0.02 mg/L, bó bá sì wà láàárín ìdá 80 sí 120 nínú ọgọ́rùn-ún iye yìí, ó dára. Bó bá jẹ́ 50, APDC ò mú òjé tó, gbogbo èsì yòókù sì kéré ju òótọ́ lọ. Ẹ wo bóyá wọ́n ka omi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì wo òṣùwọ̀n: mg/L àti µg/L yàtọ̀ síra ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, 0.01 mg/L ni 10 µg/L. Láàbù tó bá fún yín ní nọ́ńbà kan ṣoṣo láìsí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí ti gba owó fún ìwé lásán.

Nísinsìnyí, mẹ́tàlì wo lẹ máa sanwó lé? Ìlànà gbà 1 mg/L bàbà, 3 mg/L síńkì, 0.3 mg/L irin àti 0.2 mg/L mángánísì. Iná lásán ń ka gbogbo wọn dáadáa ní ìwọ̀n yẹn, kí wọ́n má gba owó MIBK lọ́wọ́ yín lórí wọn. Síńkì tilẹ̀ máa ń bàjẹ́ nínú iṣẹ́ àrọ, nítorí pé ìbọ̀wọ́ àti eruku kún fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni àsopọ̀ mángánísì kì í pẹ́ kó tó tú. Krómíọ̀mù le: oríṣi VI nìkan ni APDC ń mú, III á dúró sínú omi, àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi pọ́táásíọ̀mù pamáńgánéètì yí i padà. Bí wọn ò bá sọ èyí tí wọ́n kà, ẹ má gba nọ́ńbà krómíọ̀mù wọn.

Mẹ́kúrì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù jù nítorí àwọn tó ń wa wúrà, ìlànà sì gbà 0.001 mg/L péré. Iná AAS kò ní ojú fún un. Ọ̀nà tirẹ̀ ni kí wọ́n fi tin kilọ́ráìdì sọ ọ́ di ategùn tútù, kí wọ́n sì kà á lórí 253.7 nánómítà láìsí iná rárá. Sísè lórí iná gbangba tún máa ń lé e lọ sáfẹ́fẹ́. Bí ìwé owó láàbù bá to mẹ́kúrì mọ́ òjé àti kádímíọ̀mù pé iná kan náà làwọn fi ka gbogbo rẹ̀, ìyẹn nìkan tó láti má fọkàn tán ìwé náà. Ásẹ́níìkì pẹ̀lú ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń sọ ọ́ di gáàsì haidíráídì.

Bí ẹ bá ní ìgò kan tàbí méjì tẹ́ ẹ sì fẹ́ mọ òjé àti kádímíọ̀mù, ẹ ṣe é níhìn-ín, pẹ̀lú àrọ àti MIBK. Bí ìgò bá pọ̀, tí ẹ sì fẹ́ mẹ́tàlì mẹ́wàá, ẹ fi ásíìdì sí i kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù tó ní ICP-MS, ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀pọ̀ mẹ́tàlì lẹ́ẹ̀kan náà, lókè òkun tàbí níbòmíràn nílẹ̀ wa. Ẹ̀rọ yẹn ń ka òjé tó kéré ju 0.001 mg/L lọ láìsí MIBK, ásíìdì sì máa gbé omi náà débẹ̀ láìbàjẹ́. Graphite furnace, ìyẹn AAS tó ń lo ààrò kékeré dípò iná, pẹ̀lú ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi tí kò ju míkírólítà 20 lọ, àmọ́ mẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan ló ń kà, ó sì ń lọ́ra. Pépà aláwọ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi ojú fi wé àwòrán ara páálí, kò lè pinnu ọ̀rọ̀ 0.01 mg/L fún ẹnikẹ́ni.

Bí èsì òjé bá jáde láàárín 0.008 àti 0.012 mg/L, ẹ má tíì yọ̀, ẹ má sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga mìíràn. Ìgò kejì tẹ́ ẹ bù ló wà fún irú ìyẹn: ẹ ní kí wọ́n fà á jáde lọ́tọ̀, pẹ̀lú blank tuntun àti spike tuntun, lọ́jọ́ mìíràn. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ má fún ọmọdé ní omi náà, ẹ má sì gbà pé sísè lè wò ó sàn. Omi lásán ló ń fò lọ nígbà tí ìkòkò bá ń hó, òjé á dúró, á sì tún ki sí i.